Ọtí Tí Mọ́tò Ń Mu

Aberdeen, Scotland
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà, 2021

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo tẹríba, mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ yín láti òkèèrè. Aai ìyá mi ńkọ́? Ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀? Ara mi le, àfi òtútù ibí yìí tí kò mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀rùn la wà.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní ó pẹ́ kí n tó kọ̀wé. Mo pè yín lórí fóònù, ẹ gbé e fún Aai. Ẹ ní ọkùnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ kì í sọ ọ̀rọ̀ ilé sínú afẹ́fẹ́. Ó dáa, ìwé náà ló dé yìí, ó sì mú ìròyìn dání.

Ilé-iṣẹ́ wa, tí ayé mọ̀ mọ epo abẹ́ òkun, fẹ́ na ọwọ́ sí ẹ́tánọ́ọ̀lù. Ẹ́tánọ́ọ̀lù ni ọtí líle tí wọ́n ń fi omi ìrèké pọn, tí wọ́n á wá dà mọ́ bẹntiróò kí mọ́tò lè lò ó. Ìjọba wa nílé ti ní kí ó máa wà nínú bẹntiróò gbogbo ìlú, wọ́n sì ń fi owó ìrànwọ́ fa ojú ẹni tó bá kọ́ ilé ìpọn rẹ̀. Wọ́n á bá a san lára èlé owó tó yá, wọ́n á sì ti sọ iye tí wọ́n máa rà á kó tó pọn ọ́n rárá. Lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sórí tábìlì pé níbo ni kí àwọn kọ́ ọ sí, ìka ọ̀gá wa bọ́ sórí agbègbè Solapur. Bàbá, mi ò mọ ìgbà tí mo pariwo: "Ilé wa nìyẹn!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì ni ọ̀gá pè mí, ó ní kí n kúrò ní yàrá ìdánwò epo, kí n bá àwọn ṣiṣẹ́ náà.

Ẹ ronú wò ná. Èmi, ọmọ Pimpaldara!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ ohun tí àwọn èèyàn máa wí, kí ẹ sì kọ ọ́ sí mi.

Èmi ọmọ yín,
Urmila


Pimpaldara
Ọjọ́ kejì oṣù keje, 2021

Urmi, ọmọ mi,

Ìwé rẹ dé, ayọ̀ sì bá a dé. Aai rẹ ní orúnkún òun kò fúyẹ́, pé ọmọ tí òun bí tí kò wálé ló jókòó lé e lórí. Èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o.

Mo ka ìwé náà sókè ní ìsọ̀ tíì. Dagdu, tí oko wa jọ pààlà, gbé ife rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọtí? Tí mọ́tò máa mu?"

Mo ní, "Òun ni."

"Ṣé mọ́tò ò ní máa já sí kòtò báyìí?"

Ẹ̀rín ta. Ẹni kan ní kí wọ́n dá ìyókù sí fún òun nínú táǹkì. Dagdu nìkan ni kò rẹ́rìn-ín pẹ́. Ó ní, "Keshav, mọ́tò máa mu ìrèké. Ìrèké fúnra rẹ̀ ńkọ́, kí ló máa mu?"

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé kíákíá nìyẹn. Ilẹ̀ ọkà bàbà ni ilẹ̀ wa. Ọkà bàbà a rí ìrì, a dúpẹ́. Ìrèké a máa mu omi bí àlejò tí kò ní í lọ. Ìwọ náà mọ adágún wa, o ti fẹsẹ̀ rìn kọjá nínú rẹ̀ rí nígbà ọ̀dá.

Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún ọ, orí mi wú. Olórí abúlé dìde níṣojú gbogbo èèyàn, ó ní, "Bí ọmọ Keshav bá wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ àjèjì." Mo mu tíì lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ náà.

Kọ ọ́ sí mi kó yé mi: ṣé omi máa tó? Ohun tí o bá wí ni màá gbé lé wọn lọ́wọ́. Mi ò ní fi tèmi kún un.

Bàbá rẹ,
Keshav Salgar


Aberdeen
Ọjọ́ kẹta oṣù kejì, 2022

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo padà dé láyọ̀. Òórùn èéfín ìdáná Aai ṣì wà lára aṣọ mi, mi ò tíì fẹ́ fọ̀ ọ́.

Ọjọ́ ìfìpìlẹ̀ ilé ẹ́tánọ́ọ̀lù nílé yẹn kò tíì kúrò lójú mi. Ọ̀gá wa sọ Gẹ̀ẹ́sì títí, àwọn èèyàn ń wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni ń wo ṣíṣú òjò tí kò rọ̀. Ìgbà tó kàn mí, mo dìde. Mo fi èdè wa sọ pé, "Èmi Urmi rèé, ọmọ Keshav onílẹ́tà," ni ariwo bá ta. Gbogbo ohun tí ẹ bi mí nínú ìwé ni mo sọ níbẹ̀: pé rọ́bà tí ń kán omi díẹ̀díẹ̀ sí ìdí ìrèké ni wọ́n máa lò, pé ìjọba máa san èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀, pé ilé-iṣẹ́ wa máa gbẹ́ adágún jìn ju bó ṣe wà lọ. Mo ní, "Omi máa tó." Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe pàtẹ́wọ́.

Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ báyìí ni àǹtí wa Paru-kaku, ìyàwó Dagdu-kaka, fà mí mọ́ra. Wọ́n ní kí n tẹ́ etí aṣọ mi, wọ́n da àgbọn àti ẹ̀kúnwọ́ ọkà bàbà sí i, wọ́n fi àtíkè pupa kan mi níwájú orí bí ìgbà tí ọmọ tó wà nílé ọkọ wálé. Wọ́n ní, "Máa bọ̀, máa lọ, má gbàgbé ẹnu ọ̀nà." Ayàwòrán ilé-iṣẹ́ yà wá. Mo fi ọ̀kan sínú ìwé yìí, ẹ bá mi fún wọn.

Bàbá, ó ku nǹkan kan. Owó ìrànwọ́ ìjọba ò ní jáde tán àfi bí oko ìrèké tó yí ilé ẹ́tánọ́ọ̀lù ká bá tó bí wọ́n ṣe fẹ́. Ó ku díẹ̀ kó tó. Ilẹ̀ Dagdu-kaka ló sún mọ́ ọn jù, kànga wọn ló sì lómi jù. Gbogbo ìgbà tí àwọn ará iṣẹ́ wa lọ bá wọn, ọkà bàbà wọn ni wọ́n ń nàka sí. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ẹ̀yin nìkan ni wọ́n máa gbọ́ tiyín.

Èmi ọmọ yín,
Urmila


Pimpaldara
Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹta, 2022

Urmi,

Àlàáfíà la wà. Mo ti jẹ́ iṣẹ́ tí o rán mi.

Dagdu wà lábẹ́ igi lẹ́bàá kànga rẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì bhakri ọkà bàbà pẹ̀lú àlùbọ́sà. Ó gé ìdajì fún mi kí n tó la ẹnu. Mo sọ gbogbo rẹ̀: owó tí ìrèké máa mú wá, rọ́bà ìjọba, adágún tó máa jìn.

Ó jẹun tán kó tó dáhùn. "Ṣé ìwọ lò ń bẹ̀ mí ni, àbí ọmọ rẹ?"

"Àwa méjèèjì ni."

"Hẹn-ẹn. Mi ò mọ ilé-iṣẹ́ epo kankan, Keshav. Mi ò sì mọ ìjọba, àfi nígbà ìbò. Ẹ̀yin ni mo mọ̀."

Ó túlẹ̀ ní àná. Ọkà bàbà tó kù lóko kò tíì gbó dáadáa, Paru sì wọ àárín rẹ̀ níwájú àwọn màlúù, ó ń já orí ọkà tó bá lè já sínú aṣọ rẹ̀, Dagdu ń pariwo pé kó yà lọ́nà. Èmi náà bọ́ bàtà, mo bá a já a.

Ohun tí o fẹ́ ti tó, sọ fún wọn kí owó wọn jáde.

Aai rẹ ní kí n bi ọ́ bóyá àwọn ọkùnrin tó ń wá ìyàwó ti tán pátá ní Scotland. Mo ní mi ò ní kọ ọ́. Mo ti kọ ọ́.

Bàbá rẹ


Pimpaldara
Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹsàn-án, 2023

Urmi, ọmọ mi,

Ó kù díẹ̀ kó tó oṣù mẹ́rin tí mo rí ìwé rẹ gbẹ̀yìn. Mo rò pé iṣẹ́ ló pọ̀.

Ìkórè àkọ́kọ́ dùn, ẹni bá sọ pé kò dùn ló purọ́. Ilé ẹ́tánọ́ọ̀lù gba ìrèké, wọ́n sanwó. Dagdu kun ilé rẹ̀ ní àwọ̀ ojú ọ̀run. Àwọn èèyàn ń pè mí ní Bàbá Ìrèké, mo sì ń dáhùn.

Lọ́dún yìí, òjò yẹ̀ wá sílẹ̀. Ó rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, eruku mu ún. Wọ́n gbẹ́ adágún jìn lóòótọ́ gẹ́gẹ́ bí o ṣe wí. Ṣùgbọ́n ibi tó jìn jù ni wọ́n ki páìpù tiwọn bọ̀. Gbogbo omi tó ṣẹ́ kù fún wa báyìí, ẹnu páìpù wọn ló wà. Àwọn obìnrin ń dúró de ọkọ̀ omi ìjọba lójú títì. Lóko Dagdu, korobá ń lu òkúta nísàlẹ̀ kànga. Rọ́bà tí wọ́n ní yóò máa kán omi ń mí afẹ́fẹ́ bí aláìsàn.

Àwa àgbà mẹ́ta lọ bá ọ̀gá tó wà níbẹ̀. Kò jẹ́ ká jókòó. Ó ní ẹ̀tọ́ àwọn sí omi wà nínú ìwé tí ìjọba fún àwọn, pé bí a bá lẹ́jọ́, kí a gbé e lọ sókè. Mo wá ẹni tí mo mọ̀ lókè, ìwọ nìkan ni mo rí.

Bá wọn sọ̀rọ̀, ọmọ mi. Kí wọ́n kàn yọ páìpù náà títí òjò yóò fi rọ̀. Ìyẹn nìkan là ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Bàbá rẹ


Pimpaldara
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù kejìlá, 2023

Urmila,

Mo kọ̀wé, o ò fèsì. Mo fi káàdì tẹ̀ lé e, o ò fèsì. Aai rẹ pè ọ́, o ní o wà ní ìpàdé. Ṣé ìpàdé náà kò tíì tú ni?

Ìjọba ti pàṣẹ pé kí wọ́n má fi omi ìrèké pọn ẹ́tánọ́ọ̀lù mọ́ fún ìgbà díẹ̀, kí ṣúgà má baà wọ́n nílùú nítorí ọ̀dá. Lọ́jọ́ kejì ni ilé-iṣẹ́ yín fi ṣéènì de ẹnu ọ̀nà. Kẹ̀kẹ́ màlúù tò láti ẹnu ọ̀nà wọn dé ìdí igi ọ̀pọ̀tọ́, ìrèké tó wà lórí wọn ń gbẹ lójú wa. Ilé ṣúgà tó wà ní ìlú ní ìrèké àwọn àgbẹ̀ tó ti ń tà fún àwọn látijọ́ làwọn máa kọ́kọ́ gbà, pé ìrèké tiwa tún tín-ín-rín bí ìgbálẹ̀. Màlúù ló ń jẹ ẹ́.

Nígbà tí Dagdu bèèrè lọ́wọ́ ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà pé ta ni kí àwọn lọ bá, ọlọ́dẹ náà ní, "Ẹ lọ bá ọmọ Keshav. Ṣebí òun ló ní ẹ gbìn ín."

Níṣojú mi ló ṣe sọ ọ́. 

Keshav Salgar


Aberdeen
Ọjọ́ kẹwàá oṣù kìíní, 2024

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọdún tuntun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo pẹ́. Ìrìn àjò pọ̀, wọ́n gbé mi lọ sí Brazil láti wo bí wọ́n ṣe ń ṣe tiwọn.

Bàbá, ẹ jẹ́ ká wò ó bó ṣe rí. Ilé-iṣẹ́ wa kọ́ ló ti ilẹ̀kùn, ìjọba ló pàṣẹ. Àwa náà pàdánù. Kò sẹ́ni tó lè pàṣẹ fún òjò. Irú okòwò yìí dúró lórí òfin àti owó ìrànwọ́. Tí ìjọba bá yí ọwọ́ padà, a máa ní láti ní sùúrù kí a sì máa wo ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí. Ní ti omi, mo gbọ́ pé gbogbo ohun tí wọ́n ṣe ló bá òfin mu.

Ẹ bá mi sọ fún àwọn àgbẹ̀ pé kí wọ́n mú sùúrù. Nǹkan máa yí padà.

Ẹ kí Aai.

Urmila


Pimpaldara
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kejì, 2024

Ọmọ mi,

Mo ka ìwé rẹ, mo tún un kà, mò ń wá ohùn ọmọ mi nínú rẹ̀. Ohùn ọ̀gá rẹ ni mo gbọ́.

O ní ìjọba ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba kọ́ ni wọ́n rí lórí pèpéle lọ́jọ́ yẹn. Ìjọba kọ́ ló jẹ ìdajì bhakri Dagdu kó tó bẹ̀ ẹ́. O ní kí n bá ọ sọ pé kí wọ́n mú sùúrù. Mi ò sọ ọ́. Ẹnu tí mo fi sọ pé omi máa tó, mi ò lè fi sọ ìyẹn.

Àwòrán kan dé orí fóònù àwọn ọ̀dọ́ abúlé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìwọ ni, o wọ aṣọ dúdú, o gbé nǹkan kan tó ń dán bíi dígí lọ́wọ́. Lẹ́yìn rẹ, lára ògiri, ni àwòrán ńlá Paru níbi tó ti ń da àgbọn sí etí aṣọ rẹ. Wọ́n kọ Gẹ̀ẹ́sì sábẹ́ rẹ̀. Mo ka Gẹ̀ẹ́sì náà: wọ́n ní wọ́n fún ọ ní àmì-ẹ̀yẹ nítorí o tún ayé àwọn àgbẹ̀ ṣe.

Paru gbé fóònù náà wá bá mi. Ó ní, "Baba, kí ni wọ́n kọ sábẹ́ mi?"

Mo ní mi ò mú gíláàsì ojú mi dání.

Ojú mi ló wà, Urmi. Mo wọ̀ ọ́ sójú nígbà tí mo ń sọ ọ́. Ó wò mí díẹ̀, ó gba fóònù náà, ó lọ.

Ní ọjọ́ mélòó kan sígbà náà ni òun àti ọkọ rẹ̀ bá agbaṣẹ́ṣe kan lọ sí ìpínlẹ̀ Karnataka. Ìrèké ni wọ́n lọ gé. Dagdu tó ní ilẹ̀, tó ní kànga, ló ń fi àdá gé ìrèké olóko lóko olóko, tí wọ́n sì ń sùn sábẹ́ ọ̀rá. Ó ti ta àwọn màlúù. Kó tó wọ ọkọ̀, ó yà sílé mi, ó na kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ sí mi. Ó ní kí n máa bá òun wo ibẹ̀.

Mo ní, "Dagdu, bú mi."

Ó ní, "Ìgbà wo ni màá ráyè bú ọ? Ọkọ̀ ń dúró."

Mi ò lọ sí ìsọ̀ tíì mọ́. Ẹ̀yìn tẹ́ńpìlì ni mò ń gbà bí mo bá fẹ́ ra nǹkan, bí olè. Kò sẹ́ni tó ṣépè fún mi. Ì bá sàn kí wọ́n ṣẹ́ ẹ.

Mi ò mọ ohun tí màá ní kí o ṣe. Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ ni.

Bàbá rẹ


Aberdeen
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta, 2024

Bàbá mi,

Mi ò mọ bí màá ṣe kí yín. Mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí tó ìgbà mélòó kan, ibi ìkíni ni mo ti ń fà á ya.

Ìwé tí ẹ kọ nípa páìpù dé ọwọ́ mi lásìkò. Mo tú u sí Gẹ̀ẹ́sì, mo gbé e lọ sí ìpàdé, mo kà á fún wọn. Nígbà tí mo parí, ọ̀gá wa ní, "Bàbá rẹ mọ ìwé kọ gan-an." Ó sì ṣí ojú ewé tó kàn. Ó yẹ kí n dúró síbẹ̀. Ó yẹ kí n ní mi ò tíì sọ tán. Mo jókòó, Bàbá. Nígbà tí wọ́n wá pe orúkọ mi fún àmì-ẹ̀yẹ, mo dìde.

Mi ò mọ̀ pé àwòrán Paru-kaku ni wọ́n máa gbé sára ògiri. Mo rí i nígbà tí mo yíjú padà. Ojú wọn ń wò mí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ wọn kún fún ọkà. Mo dúró, mo jẹ́ kí wọ́n yà mí.

Ìdí tí mi ò fi fèsì nìyẹn. Ojú ló tì mí. Ìwé tí mo wá kọ ní oṣù kìíní, ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń fún wa pé ká máa sọ fún àwọn oníròyìn ni mo dà sínú rẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́ sí bàbá tó bí mi.

Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀ látìgbà náà. Kò sẹ́ni tó bá mi jà. Wọ́n kàn ń mi orí. Wọ́n ní ìjọba orílẹ̀-èdè mìíràn ti gbé owó ìrànwọ́ kalẹ̀ fún ẹni tó bá ń fi òróró tí wọ́n ti fi dín nǹkan ṣe epo ọkọ̀ òfurufú, ibẹ̀ ni àwọn ń lọ báyìí. Ibi tí owó ìrànwọ́ bá wà ni epo wa ń ṣàn sí. Àwọn tó bá gbin nǹkan sójú ọ̀nà rẹ̀, kò sí ohun tó kàn wá pẹ̀lú wọn.

Mo fẹ́ wálé, mi ò sì mọ ojú tí màá gbé wọ abúlé. Tí mo bá fowó ránṣẹ́, ṣé ẹ lè bá mi gbẹ́ kànga tuntun fún Dagdu-kaka? Ẹ má sọ pé èmi ni.

Urmi


Pimpaldara
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù keje, 2024

Urmi, ọmọ mi,

Òjò ti ń rọ̀. Aai rẹ ń ráhùn pé aṣọ kì í gbẹ, inú rẹ̀ sì ń dùn.

Má fowó kànga ránṣẹ́. Kò sí omi nísàlẹ̀ níbẹ̀ tí owó rẹ máa rí nígbà tí páìpù wọn bá ṣì ń mu ún. Èmi náà ò sì ní lè parọ́ mọ́. Mo ti rí bó ṣe ń ṣe mí.

Dagdu àti Paru ti dé. Dagdu ti gbẹ. Ọmọ-ìka Paru kan kò sí mọ́ lọ́wọ́ òsì, àdá ló gé e. Dagdu gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó wo inú ilé, ó jáde padà. Ó ní, "O gbálẹ̀." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Jẹ́ ká lọ mu tíì."

Mo tẹ̀ lé e. Ìsọ̀ dákẹ́ nígbà tí mo wọlé. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan sọ láti ẹ̀yìn pé, "Bàbá Ìrèké, ṣé mọ́tò ti yó?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín tó dùn, ṣùgbọ́n ó sàn ju ìdákẹ́jẹ́ lọ.

Ìwé ni wọ́n fẹ́ kí n bá wọn kọ. Ìjọba ti fẹ́ tú àṣẹ rẹ̀ ká, wọ́n sì ní owó ìrànwọ́ tuntun ń bọ̀, ni ọ̀gá ilé ẹ́tánọ́ọ̀lù bá ti tún ń rán ọkọ̀ kiri, ó ń ní kí àwọn èèyàn tún ilẹ̀ wọn ṣe. Àwọn ará wa ní àwọn ò gbin igi ìrèké kan mọ́ àfi bí wọ́n bá yọ páìpù kúrò nínú adágún, kí wọ́n sì san ti ìrèké tó gbẹ lórí kẹ̀kẹ́. Wọ́n fẹ́ kí ìjọba má fún ilé-iṣẹ́ náà ní owó kankan títí wọn yóò fi ṣe méjèèjì. Mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe wí. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kọ buwọ́ lù ú, àwọn ìyókù tẹ ìka. Mo buwọ́ lù ú. Mo ti ń pa á pọ̀ nígbà tí Dagdu gbé ọwọ́ lé e.

Ó ní, "Ó ku ẹnì kan. Ẹni tó bá wa sọ̀rọ̀ lórí pèpéle kò tíì buwọ́ lù ú."

Mo ní, "Dagdu, ilé-iṣẹ́ tó ń gbà á síṣẹ́ nìwé yìí ń bá wí. Bí ó bá buwọ́ lù ú, iṣẹ́ rẹ̀ lè bọ́."

Paru ló dáhùn. Ó wà ní ẹnu ọ̀nà, ó gbé ìkòkò sí ìbàdí. Ó ní, "Baba, oko wa náà, iṣẹ́ ni."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó kọjá lọ.

Ìwé náà ló wà nínú àpòòwé yìí. Mi ò pàṣẹ fún ọ. Mo ti fi orúkọ rẹ bẹ èèyàn rí. Mi ò ní fi orúkọ wọn bẹ ọ́. Bí o bá dá a padà láìbuwọ́ lù ú, màá fi ránṣẹ́ síjọba bẹ́ẹ̀, màá sì sọ fún wọn pé o ò lè ṣe é. Ọmọ mi ni ọ́ lọ́nà méjèèjì.

Bàbá rẹ


Aberdeen
Ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹjọ, 2024

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ yín.

Ìwé náà nìyí. Mo buwọ́ lù ú lábẹ́ ìka Paru-kaku, nítorí ibẹ̀ ni àyè wà. Mo kọ orúkọ mi, mo kọ orúkọ yín tẹ̀ lé e, mo sì kọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe àti orúkọ ilé-iṣẹ́ wa, kí ìjọba má baà rò pé Urmila mìíràn ni.

Mo ya ẹ̀dà rẹ̀ kan, mo sì gbé e fún ọ̀gá wa fúnra mi, kó má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Mo gbé dígí àmì-ẹ̀yẹ náà lé orí ìwé náà. Ó kà á títí dé ìsàlẹ̀. Ó ní, "Ṣé o mọ ohun tí o ń ṣe?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n lọ jókòó sílé ná títí àwọn yóò fi pè mí. Ojú rẹ̀ ò fi hàn pé wọ́n máa pè mí.

Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá. Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé mo lágbára. Ojú ń tì mí síbẹ̀ bó ṣe ń tì mí tẹ́lẹ̀. Mo rò pé bí mo bá ti buwọ́ lù ú, ìtìjú náà máa lọ. Kò lọ.

Mò ń bọ̀ nílé ní oṣù tó ń bọ̀. Ẹ sọ fún Aai kí wọ́n má pe ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má se nǹkan ńlá. Ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá pàdé mi níbi tí bọ́ọ̀sì ń já èrò sí. Mi ò ní gba ẹ̀yìn tẹ́ńpìlì. Mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara mi rìn gba àárín abúlé kọjá, lójú ọ̀sán, jẹ́jẹ́, kí ẹni tó bá fẹ́ bú mi lè ráyè bú mi.

Ọmọ yín,
Urmi